Èdè Tí Wọn Kò Fi Ra Iyọ̀ Mọ́

Láti ìgbà tí mo ti òkè òkun dé, ìbéèrè kan wà tí àwọn ará àdúgbò wa ní Muṣin kì í tètè bi mí. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè bóyá òtútù ibẹ̀ pọ̀. Wọ́n á béèrè bóyá mo rí òyìnbó fẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ béèrè àìsàn lọ́wọ́ aláìsàn, wọ́n á ní: "Ruka, kí lo tiẹ̀ lọ kọ́ gan-an?"

Látìnì ni mo lọ kọ́. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ọ, ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Pavia, ní apá àríwá ilẹ̀ Ítálì. Àǹtí Sìdí, àbúrò bàbá mi, ti sọ tẹnu wọn kí n tó lọ. Aṣọ ni wọ́n ń ká lọ́wọ́ nígbà tí mo wá dágbére, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Èdè tí wọn ò fi ra iyọ̀ mọ́ níbì kankan láyé, òun ni ìwọ tí orí ẹ pé yìí fẹ́ torí ẹ̀ sọdá òkun?" Mi ò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ náà. Mi ò sì ní parọ́ pé mo ti rí i tán báyìí. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Lẹ́tà mẹ́ta

Òkúta sàréè ni bàbá mi ń gbẹ́. Ẹ̀bá ọ̀nà ní Ìdí-Òro ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Mùsùlùmí ni wá, àwọn Mùsùlùmí àdúgbò wa kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kọ nǹkan sórí sàréè, nítorí náà Kìrìsìtẹ́nì ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà bàbá mi. Láti Yàbá ni wọ́n ti ń wá, láti Èbúté Mẹ́ta, láti Sùúrùlérè. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, èmi ni mò ń fi pẹ́ńsù àti rúlà fa lẹ́tà sórí máábù kí wọ́n tó fi irin gbẹ́ ẹ. Bàbá mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà tí ọwọ́ wọn ò mọ̀.

Lẹ́tà mẹ́ta kan wà tí kì í wọ́n lórí àwọn òkúta náà: R, I àti P. Mo bi wọ́n léèrè ohun tó túmọ̀ sí.

"Bí àwọn òyìnbó ṣe ń kí òkú pé ó dìgbà nìyẹn," wọ́n dá mi lóhùn.

Tíṣà wa sọ ohun tó jẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé kí òkú sinmi ní àlàáfíà, mo sì gbà. Àfi ọjọ́ kan tí fadá ìjọ Àgùdà kan wá gbé òkúta ìyá rẹ̀. Ó bá mi níbi tí mo ti ń fa lẹ́tà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ pé lẹ́tà yìí ti wà lórí sàréè kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé ibẹ̀? Látìnì ni. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ pé lẹ́tà kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ní èdè méjèèjì ni."

"Àwọn wo ló ń sọ Látìnì, sà?"

"Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nílé mọ́. Èdè náà ti kú."

Mo wo òkúta tó wà níwájú mi. Èdè tó ti kú, tó sì ń bá òkú sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ Látìnì ni mo yàn. Àwa mẹ́rin péré la wà níbẹ̀. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣe lára ẹ̀dà ni ìwé wa, débi pé ọ̀rọ̀ míì ti di àbàwọ́n dúdú, a ó máa méfò ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọdún kẹta tí mo jáde ni mo rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà sí Pavia. Bàbá mi kò bi mí bóyá ó wúlò. Wọ́n nu ìyẹ̀fun máábù kúrò lọ́wọ́, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní: "Ọlọ́run á mú ẹ lọ, á mú ẹ bọ̀. Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé ọmọ ta ni ẹ́, sọ iṣẹ́ mi fún wọn. Iṣẹ́ tó mọ́ ni."

Kùrukùru

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá ni mo bọ́ sílẹ̀ nínú reluwé ní Pavia. Mo rò pé wọ́n ń sun pápá níbì kan. Gbogbo ìlú funfun báláú, mi ò rí ìdí ọkọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Mo fi etí ìbòrí mi bo imú, mò ń retí òórùn èéfín, kò rùn. Kùrukùru ni. Odò ńlá kan gba ẹ̀gbẹ́ ìlú náà kọjá, oko ìrẹsì sì yí i ká. Láti ìgbà náà títí di oṣù Kejì, ọ̀pọ̀ àárọ̀ ni mi ò fi ní rí ilé tó dojú kọ fèrèsé mi.

Ọkùnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Mo na ìwé tí mo kọ àdírẹ́sì sí sí i. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èdè Ítálì tí mo sì fi oṣù mẹ́ta kọ́ lórí fóònù ti fò lọ lẹ́nu mi. Ó ka ìwé náà, ó gba àpótí mi, ó gbé e lé orí kẹ̀kẹ́, ó ṣíwájú. A rìn títí, a ò sọ̀rọ̀. Ìró ẹsẹ̀ wa lórí òkúta títì nìkan ni mò ń gbọ́. Ní Èkó, tí ẹni tí o ò mọ̀ rí bá gbé ẹrù ẹ tí kò sì sọ̀rọ̀, igbe ló yẹ kí o ké. Àdúà ni mò ń kà lábẹ́ ahọ́n.

Onílé tí a ti jọ ṣàdéhùn lórí fóònù kí n tó kúrò nílé ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo ojú mi, ó wo ìbòrí mi, ó wo àpótí mi. Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán sọ pé ó dun òun púpọ̀, ẹlòmíràn ti gba yàrá náà láàárọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ tó fi ti ilẹ̀kùn yẹn ló dùn mí jù. Ká ní ó jàn án mọ́ mi lójú ni, èmi náà ì bá mọ bí mo ṣe máa dá a lóhùn. Ọmọ Muṣin ni mí.

Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ náà kò tíì lọ. Kò gbọ́ ohun tí a sọ, àmọ́ ó ti rí gbogbo rẹ̀. Ó dúró, ó ń wo ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n lé. Ó yọ fóònù, ó pe ẹnì kan, ó ń pariwo, ó ń ju ọwọ́. Nígbà tó parí, ó fi ìka gún àyà ara rẹ̀, ó ní, "Davide." Ó nawọ́ sínú kùrukùru, ó ní, "Mamma."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò fẹ́ ògbufọ̀.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, Davide ò kàn ṣàdédé wọlé. Ó dúró, ó ní, "Permesso?" Ohùn obìnrin kan dáhùn láti inú lọ́hùn-ún pé, "Avanti!" Ó tó ìṣẹ́jú kan kí n tó mọ ohun tí mo gbọ́. Àgò onílé o. Àgò yà. Àgbà ọkùnrin, ó ń tọrọ àgò kó tó wọ ilé tí wọ́n bí i sí! Láti ìgbà tí mo ti gbéra nílé, ìgbà yẹn ni ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀.

Bí mo ṣe di ayálégbé Sìnyórà Ernesta nìyẹn, Ìyáàfin Ernesta lédè tiwa.

Ìrẹsì tí a kì í fọ̀

Sìnyórà Ernesta á tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Opó ni wọ́n, wọ́n kúrú, ohùn wọn sì tóbi ju ara wọn lọ. Láti kékeré ni wọ́n ti fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ máa tu koríko nínú oko ìrẹsì, nínú omi tó mu wọ́n dé orúnkún. Ẹ fojú inú wò ó, nígbà náà, ní ọjọ́ kẹta mi nínú ilé wọn, tí wọ́n bá mi ní kíṣìnnì tí mò ń fọ ìrẹsì wọn lábẹ́ ẹ̀rọ omi, tí mò ń fi ọwọ́ méjèèjì ra á bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Igbe tí wọ́n ké, mo rò pé iná mànàmáná gbé wọn. Wọ́n já ìkòkò gbà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń wo omi funfun tó ń ṣàn lọ, wọ́n sì ń wo èmi náà bí ẹni tó paniyàn.

Ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rin ni mo gbọ́ nínú ohun tí wọ́n sọ. Ó di oṣù díẹ̀ kí n tó lè ní kí wọ́n tún un sọ fún mi. Wọ́n ní: "Ìrẹsì tí o bá fọ̀, ọkàn rẹ̀ lo fọ̀ dànù. Kí ló wá kù? Òkúta wẹẹrẹ." Omi funfun yẹn gan-an ni wọ́n fi ń mú kí ìrẹsì wọn ki, tí á wá dà bí ògì tó ní hóró nínú. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà pé kí ìrẹsì máa dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i nínú àwo, ṣe ni mo rò pé Sìnyórà Ernesta ti gbàgbé oúnjẹ sórí iná.

Ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n gbé ìrẹsì náà wá pẹ̀lú ẹran kéékèèké tí egungun rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Wọ́n ti mọ̀ pé mi kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, mi kì í sì í mu ọtí. Mo béèrè pé ẹran kí ni. Wọ́n dárúkọ rẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ronú díẹ̀. Ni ìyá àgbà yìí bá lóṣòó sáàárín kíṣìnnì, wọ́n gbé ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n fò lẹ́ẹ̀mejì. Davide tó wá bá wa jẹun fi orí lé tábìlì, ẹ̀rín fẹ́ pa á.

"Kọ̀ǹkọ̀!" Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi.

"Kọ̀ǹkọ̀," Sìnyórà Ernesta tún un sọ, wọ́n mi orí bí ẹni pé orúkọ náà bá ẹran náà mu.

Mi ò jẹ ẹ́. Wọn ò sì bínú. Wọ́n dín búrẹ́dì, wọ́n fọ́ ẹyin lé e lórí, wọ́n da omi ẹran adìẹ gbígbóná sí i, wọ́n sì jókòó tì mí títí mo fi lá àwo náà. Kọ̀ǹkọ̀ ni wọ́n ń pe ẹran náà nínú ilé yẹn títí mo fi kúrò.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa èdè wọn. Àwọn náà ní "ẹ", wọ́n sì ní "o". Ẹni tí o kò mọ̀ rí, "ẹ" lo máa pè é, kódà tó bá kéré sí ọ. Ó pẹ́ kí n tó ṣàkíyèsí pé ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ran tó wà ní òpópónà wa, "ẹ" ni ọkùnrin náà ń pe gbogbo àwọn oníbàárà, tó bá wá kàn mí, á di "o". "Kí lo fẹ́?" Kò bú mi, kò lé mi. Lẹ́tà kan péré ni. Ẹni tó bá ń gbé ilẹ̀ àjèjì mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í dunni púpọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣe ló máa ń rẹni díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ tí èmi àti Sìnyórà Ernesta jọ lọ, wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n gbé àpò wọn lé orí tábìlì ẹlẹ́ran.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ ọmọbìnrin yìí?" wọ́n bi í.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Sìnyórà."

"Kí ló dé tí o wá ń pè é ní 'o'? Ṣé àbúrò ẹ ni?"

Ẹlẹ́ran náà nu ọwọ́ rẹ̀ sára épírọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Sìnyórína, kí lẹ fẹ́?" Mo ra adìẹ. Láti ọjọ́ náà lọ, "ẹ" ni.

Ẹ padà wá ní oṣù Kẹfà

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní kíláàsì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan rọra tọ́ mi sọ́nà pé òkè ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn àjèjì ní èdè Ítálì. Kò ní ìkà nínú. Mo ní, "Ẹ ṣé, Látìnì ni mo wá kọ́." Etí rẹ̀ pọ́n bí ata.

Àmọ́ kò pẹ́ tí èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òkè yẹn ló yẹ kí n lọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni àwọn yòókù ti ń kọ́ Látìnì ní ilé ìwé gíga wọn. Ohun tí èmi ń fi wákàtí kan túmọ̀, wọ́n á kàn máa kà á lọ bí ìwé ìròyìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa, obìnrin kan tó ti fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì, a máa rìn láàárín wa pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ á di ohun tí mi ò mọ̀.

Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò níbẹ̀. Ìwọ, tábìlì, Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn yòókù á sì jókòó lẹ́yìn, wọ́n á máa gbọ́. Ní oṣù Kejì, ó kàn mí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí ìwé, wọ́n ní kí n túmọ̀. Mo mọ Látìnì rẹ̀, mo búra fún yín. Èdè Ítálì tí mo fẹ́ fi sọ ọ́ ni kò wá. Mo bẹ̀rẹ̀, mo dúró. Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo tún dúró. Wọ́n fi sùúrù dúró dè mí. Wọ́n pa ìwé dé.

"Ẹ padà wá ní oṣù Kẹfà," wọ́n ní.

Tí oṣù Kẹfà bá tún bọ́, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mi parí, ilé yá nìyẹn. Mo lọ dúró lórí afárá tó ní òrùlé tí wọ́n kọ́ sórí odò, mo pe bàbá mi. Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ní "Ruka, ṣé àlàáfíà ni?" báyìí, gbogbo rẹ̀ tú jáde.

Mò ń gbọ́ ìró irin ọmọọṣẹ́ wọn lẹ́yìn wọn. Wọ́n wá ní: "Tí irin bá yọ̀ lórí máábù, ṣé a máa ń sọ máábù nù ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Kí la máa ń ṣe?"

"Ẹ máa ń gbẹ́ lẹ́tà náà jìn sí i."

"Kí àṣìṣe lè wọnú ẹ̀. Lọ jẹun."

Ohùn

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ mi padà, mi ò wá a lọ. Inú oṣù Kẹrin ni, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ewì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣàlàyé pé ewì àwọn ará àtijọ́ kò dúró lórí ibi tí ohùn ti wúwo bíi ti èdè Ítálì. Orí gígùn ohùn ló dúró lé. Sílébù kan kúrú, òmíràn gùn. Ẹni tó bá fa èyí tó kúrú tàbí tó gé èyí tó gùn ti ba ìlà náà jẹ́. Wọ́n ní kí a máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mọ òfin rẹ̀ tán, wọ́n ti fi pẹ́ńsù sàmì sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ya ẹnu, ohùn Ítálì á gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, á máa dún gbì, gbì, gbì, bí ẹni ń gún iyán.

Ó kàn mí. Mo wo ìlà náà, ó wá jọ nǹkan tí mo mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé kéwú mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Láti ọmọ ọdún márùn-ún ni mo ti ń jókòó lórí ẹní níwájú Alfa Gàníyù, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ohùn tí a óò fà kan wà, èyí tí a óò fà méjì wà, èyí tí a óò fà mẹ́rin sì wà. Ìka la fi máa ń kà á. Tí o bá fa ọ̀kan ní méjì, pàṣán Alfa á ti dé ẹ̀yìn ẹ kí o tó mí. Ìtumọ̀ ohun tí à ń kà kò yé wa nígbà náà. Àmọ́ gígùn rẹ̀ wọ inú egungun wa.

Mo gbé ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, mò ń ká ìka mi, mo sì kà á. Mi ò sáré. Bíi ìlà mẹ́wàá ni mo kà kí n tó rántí pé èèyàn wà níbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti yọ awò ojú wọn.

"Ta ló kọ́ yín?" wọ́n bi mí.

"Alfa Gàníyù ni," mo ní. "Ní Muṣin."

Wọ́n ṣí ìwé ìkọ̀wé wọn, wọ́n mú gègé. "Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ náà?"

Mo pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: nínú gbogbo ohun tí mo rí ní ilẹ̀ Ítálì, ilé ńláńlá, ère, odò, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó bí mo ṣe rí orúkọ Alfa Gàníyù nínú ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn. Láti ọjọ́ náà, èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ́kọ́ kàwé ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tọ́ mi sọ́nà lọ́jọ́ kìíní wá bẹ̀ mí pé kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ká ìka.

Ṣùgbọ́n ohùn dídùn kì í ṣe ìtumọ̀, oṣù Kẹfà sì ń bọ̀. Sìnyórà Ernesta ló bá mi ṣe èyí. Láràárọ̀, bí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì, mo máa ń túmọ̀ Látìnì sí èdè Ítálì létí wọn. Wọn ò gbọ́ Látìnì rárá, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí n sọ ohun tí èèyàn kì í sọ.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn?" wọ́n á ní. "Tún un sọ bí ọmọ èèyàn."

Nígbà míì, ìtàn ibẹ̀ á gbà wọ́n lọ́kàn. Ọkùnrin kan ń ṣàlàyé fún obìnrin kan ìdí tí òun fi gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ lọ, mò ń túmọ̀ rẹ̀ lọ, ni wọ́n bá ju ẹ̀wà ọwọ́ wọn sínú abọ́.

"Irọ́ ló ń pa! Má túmọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀."

"Sìnyórà, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí wọ́n kọ ọ́."

"Irọ́ kì í gbó."

Ní oṣù Kẹfà, mo jókòó síwájú tábìlì, Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí ìwé. Mo rò ó bí ẹni pé ẹ̀wà ló wà láàárín wa. Mo túmọ̀ rẹ̀ dópin. Nígbà tí mo jáde, Sìnyórà Ernesta wà lórí bẹ́ńṣì lóde pẹ̀lú bàtà tí wọ́n fi ń lọ sí ìsìn òkú, tí í ṣe bàtà tó dára jù tí wọ́n ní. Wọ́n kàn wo ojú mi, wọ́n fi ọwọ́ kan sẹ́yìn ọrùn mi, wọ́n fa orí mi sílẹ̀, wọ́n sì fẹnu kò mí níwájú orí.

Sátidé ní Èbúté Mẹ́ta

Mo parí ní ọdún kejì, mo sì padà wálé. Mo sunkún ní ibùdókọ̀ reluwé ju bí mo ṣe rò lọ. Davide ló tún fi kẹ̀kẹ́ gbé àpótí mi. Ìyá rẹ̀ kọ̀, wọn ò tẹ̀ lé wa. Wọ́n ní àwọn kì í wo ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ilé gbà mí dáadáa. Àmọ́ fún bí oṣù kan, ṣe ni mò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn èèyàn, tí mò ń retí kí ẹnì kan ní kí n wọlé, tí àwọn ọmọdé sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rí iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni ní ilé ìwé girama kan ní Sùúrùlérè. Iṣẹ́ tó dáa ni. Látìnì mi wà nínú àpótí.

Lẹ́yìn ọdún kan, mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kan pé kó yá mi yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta ní àárọ̀ Sátidé. Mo lẹ ìwé mọ́ ara ògiri káàkiri títí dé Sábó: Ẹ wá kọ́ Látìnì. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo to àga mẹ́wàá. Èèyàn méjì ló wá. Ọ̀kan ni Bísí, ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, tó fẹ́ mọ ohun tí àwọn adájọ́ ń fi Látìnì sọ. Ẹnì kejì jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n fi sítáàṣì sí àti táì. Pa Agọ́sítínì ni orúkọ wọn, akọ̀wé reluwé tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn náà tán.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo fún wọn ní àga.

"Tíṣà, mi ò wá kàwé o," wọ́n ní. "Ìbéèrè kan ni mo gbé wá."

Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní kékeré, ọmọ ìdí pẹpẹ ni àwọn ní ìjọ Àgùdà. Látìnì ni gbogbo ìsìn nígbà yẹn. Fadá á sọ tiẹ̀, àwọn ọmọ á fèsì. Wọ́n kọ́ èsì náà sórí bí ẹni kọ́ orin. Ẹnikẹ́ni ò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn. Nígbà tó yá, ìjọ ní kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ṣe é, ó parí síbẹ̀.

"Ṣùgbọ́n kò kúrò lẹ́nu mi," Pa Agọ́sítínì ní. "Ní ọ́fíìsì, tí mo bá ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì, á kàn máa wá ni. Nígbà tí ìyàwó mi kú, mo fẹ́ gbàdúrà, òun ló ń jáde. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí báyìí. Ó yẹ kí n mọ ohun tí mò ń sọ fún Ọlọ́run kí n tó lọ bá a."

"Ẹ sọ ọ́, sà. Kí n gbọ́."

Wọ́n dìde. Wọ́n pa ọwọ́ pọ̀ ní àyà, wọ́n di ojú. Ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn àgbàlagbà. Ohùn ọmọdé tó ń sáré kí ó má bàa gbàgbé ni. Àwọn ọ̀rọ̀ kan ti gé, òmíràn ti so pọ̀ mọ́ èkejì. Mo ní kí wọ́n tún un sọ, mo sì ń kọ ọ́ sórí pátákó. Mo ya àwọn tó so pọ̀ sọ́tọ̀. Mo wò ó, mo kọjú sí wọn.

"Bàbá, fadá á kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ lọ síbi pẹpẹ Ọlọ́run. Èsì tiyín ni pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run náà lẹ̀ ń lọ, ẹni tó ń mú inú yín dùn ní ìgbà èwe yín."

Wọ́n la ojú.

"Ìgbà èwe mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Pé inú mi ń dùn?"

"Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, sà."

Wọ́n jókòó díẹ̀díẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà," wọ́n ní. "Láago márùn-ún ìdájí. Ẹsẹ̀ lásán. Tí a bá ṣi ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á nà wá lẹ́yìn ìsìn. A ń jẹ ẹgba, a sì ń sọ pé inú wa ń dùn."

Mo rò pé ẹkún ló fẹ́ gbọ̀n wọ́n. Bísí ti ń na ọwọ́ sí wọn. Ẹ̀rín ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn wọn, ó ń gòkè, títí wọ́n fi yọ awò ojú kúrò, tí àwa náà ń rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí à ń rín. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n nu ojú. Wọ́n mú ìwé kékeré kan jáde nínú àpò àyà, wọ́n ṣí gègé.

"Òótọ́ sì ni o, Tíṣà," wọ́n ní. "Inú mi ń dùn. Ìlà kejì ńkọ́?"

Mo nu pátákó.